Irú Ìṣirò Wo Ló Wà Nínú Iṣẹ́ Tí Ẹ Fẹ́ Yàn? Ìfiwéra Iṣẹ́ Mẹ́jọ

"Sà, iṣẹ́ wo ni mo lè yàn tí kò ní sí máàtì nínú rẹ̀?"

Ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, pàápàá nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB bá jáde. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nílùú Ìbàdàn, ìbéèrè náà kì í sì í bí mi nínú. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa òbí àti olùkọ́ la kọ́ àwọn ọmọ láti máa béèrè é bẹ́ẹ̀, bíi pé ìṣirò dà bí iyọ̀, tó pọ̀ nínú ọbẹ̀ kan, tó kéré nínú òmíràn.

Mo ti jókòó ti télọ̀, mo ti dúró ti bíríkìlà. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi obìnrin, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣe iná sólà. Ìṣirò tí wọ́n ń ṣe kò jọra rárá. Nítorí náà n kò ní sọ fún yín níbí pé ti iṣẹ́ yìí pọ̀, ti tọ̀hún kéré. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi wé ara wọn: irú ìṣirò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bá èèyàn ṣe lójoojúmọ́, àti ìgbà tí àṣìṣe rẹ̀ máa ń hàn. Ní tèmi, ìkejì yìí ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ wò, nítorí ara èèyàn kan gba kí àṣìṣe hàn lójú ẹsẹ̀, ara ẹlòmíràn kò gbà á.

Ọmọ Yorùbá tó bá sì ní òun kò mọ ìṣirò, kó sọ 45 fún mi lẹ́nu. Márùndínláàádọ́ta. Ó ti mú 60, ó yọ 10 kúrò kó tó rí àádọ́ta, ó tún yọ 5. Ó ti ń ṣe é látìgbà tó ti ń ka owó ìyá rẹ̀.

| Iṣẹ́ | Ìṣirò ojoojúmọ́ | Ìgbà tí àṣìṣe máa ń hàn |
|---|---|---|
| Télọ̀ | ìwọ̀n, ìdá, ohun róbótó | nígbà tí oníbàárà bá wọ aṣọ |
| Bíríkìlà | igun, iye búlọ́ọ̀kù | nígbà tí wọ́n bá ń lẹ táìlì |
| Nọ́ọ̀sì | ìlọ́po, pínpín | láàárín ìṣẹ́jú tàbí wákàtí |
| Akáǹtáǹtì | àròpọ̀, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún | ìparí oṣù tàbí ọdún |
| Oníṣẹ́ sólà | ìlọ́po, pínpín | alẹ́ ọjọ́ kìíní |
| Sọ̀féyọ̀ | igun, onígunmẹ́ta | nígbà tí aládùúgbò bá fẹ́ kọ́lé |
| Ẹni tó ń kọ kóòdù | ìrònú bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ | nígbà mìíràn lójú ẹsẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà |
| Actuary (ẹni tó ń ṣírò ewu fún ilé iṣẹ́ adójútòfò) | ìṣirò ohun tó lè ṣẹlẹ̀ | lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún |

Télọ̀ àti bíríkìlà

Tépù ni irinṣẹ́ àwọn méjèèjì, àwọn èèyàn sì máa ń sọ pé ẹni tí orí rẹ̀ kò gbé ìwé ló ń lọ síbẹ̀. Irọ́ gbáà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú síkẹ́ẹ̀tì tó máa ń ṣí yíká bí agboòrùn. Ìbàdí oníbàárà jẹ́ íǹṣì 30. Télọ̀ gbọ́dọ̀ gé ihò róbótó sáàárín aṣọ, kí etí ihò náà yíká sì jẹ́ íǹṣì 30 géérégé. Báwo ni yóò ṣe mọ iye tí yóò wọ̀n láti àárín dé etí? Yóò pín 30 sí 6.28, ìyẹn páì (3.14) lọ́nà méjì, yóò sì rí 4.78. Ọ̀pọ̀ télọ̀ máa ń fi 6 pín in nítorí ó yá lórí. Wọ́n á rí 5, ihò náà á sì di íǹṣì 31.4. Ìyẹn ṣì kéré. Tí wọ́n bá wá gba ààbọ̀ íǹṣì wọlé láti fi rán etí rẹ̀, ojú rírán á bọ́ sí 5.5, ìbàdí á di íǹṣì 34 àti ààbọ̀, síkẹ́ẹ̀tì á sì máa já bọ́ lára oníbàárà. Ní ẹ̀gbẹ́ àti èjìká, a máa ń fi àyè rírán kún ìwọ̀n ni. Ní ihò ìbàdí yìí, ńṣe la máa yọ ọ́ kúrò: 4.78 yọ 0.5, ẹ gé e ní 4.28, íǹṣì mẹ́rin àti ìdámẹ́rin lé díẹ̀.

Mo ṣàlàyé èyí fún ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ládùúgbò wa. Ó ní òun ti ba aṣọ jẹ́ báyìí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá òun sì bínú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Ó ní, "Páì tí wọ́n kọ́ wa ní JSS yẹn, mi ò mọ̀ pé síkẹ́ẹ̀tì ni." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí pé èmi náà ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní páì láìmú tépù dání.

Igun ni ti bíríkìlà. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan okùn, 4 sí apá kejì, wọ́n á wá wò ó bóyá láti orí kan dé èkejì jẹ́ 5. Tó bá pé 5, igun náà gún. Àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í lo 3, 4, 5 fún ilé ńlá. 6, 8, 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń lò, torí pé bí onígunmẹ́ta bá ṣe tóbi tó ni àṣìṣe rẹ̀ ṣe ń kéré tó. Ẹ gbọ́ ohun tí íǹṣì kan péré lè ṣe. Ká ní wọ́n lo 3 àti 4, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 1, tí ọ̀gá ní "ó ti tó." Igun náà ti di 92 dípò 90. Tí ògiri yẹn bá lọ dé ẹsẹ̀ bàtà 40, orí rẹ̀ kejì á ti fi nǹkan bí íǹṣì 17 yà kúrò níbi tó yẹ kó wà. Àwọn tó ń lẹ táìlì ló máa tú àṣírí náà, nígbà tí wọ́n bá ń gé táìlì ní ìdábùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí onílé ń béèrè pé kí ló dé.

Iye búlọ́ọ̀kù rọrùn ju ìyẹn lọ. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì-mẹ́sàn-án bíi 10 ló ń kún mítà kan ní ìbú àti òró. Ògiri tó gùn ní mítà 12, tó ga ní mítà 3, jẹ́ 36, ìyẹn búlọ́ọ̀kù 360. Ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó máa fọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ràn apá yìí, tí oòrùn kò sì bá a lára mu, kó béèrè nípa iṣẹ́ quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò ohun èlò àti owó ilé kíkọ́. Ìṣirò kan náà ni, inú ọ́fíìsì ni wọ́n gbé e lọ.

Ìyàtọ̀ méjèèjì: télọ̀ máa rí àṣìṣe rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ra aṣọ padà. Àṣìṣe bíríkìlà máa ń dúró síbẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún.

Nọ́ọ̀sì àti akáǹtáǹtì

Ẹni tó mọ ìṣirò ìwé kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dáadáa lè ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ìṣirò ojoojúmọ́ iṣẹ́ méjèèjì yìí. Àkókò ló yà wọ́n.

Dókítà ní kí aláìsàn gba omi lítà kan láàárín wákàtí 8. Okùn ìfami tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ń kán ẹ̀kán 20 fún mílílítà kọ̀ọ̀kan. Mílílítà 1,000 lọ́nà 20 jẹ́ ẹ̀kán 20,000. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ pín in, ó di 42 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì á dojú kọ aago, á máa ka ẹ̀kán títí yóò fi pé iye yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ṣèèṣì jẹ́ okùn ọmọdé ló mú, èyí tó ń kán 60 fún mílílítà kan, tó sì tún ń ka 42, omi wákàtí 8 á lo nǹkan bíi wákàtí 24. Kò ṣi ìlọ́po, kò ṣi pínpín. Ara páálí ni kò kà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ọmọdé. Ká ní ọmọ kílò 12 ni, tí dókítà ní kó gba paracetamol mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ó di 180. Tí oògùn olómi náà bá ní 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 ni yóò gbà. Ìgò kan tún wà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́, ẹ̀kán ẹ̀kán ni wọ́n ń lò ó, 100 ló sì wà nínú mílílítà kan ṣoṣo. Orúkọ kan náà ló wà lára àwọn ìgò méjèèjì. Ẹni tó bá fa 7.5 nínú ìgò kékeré yẹn ti fún ọmọ náà ní 750, tó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. (Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi àpẹẹrẹ mi lo oògùn nílé. Ara ìgò tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kà, kí ẹ sì béèrè.) Àbúrò mi sọ fún mi pé wọn kì í kọ .5 láìfi 0 ṣíwájú, torí pé ojú tó ti rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru lè kà á sí 5. Àwọn oògùn tó léwu, èèyàn méjì ló máa ń ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó fi ìdáhùn wé ara wọn. Ìgbà tó sọ èyí fún mi ni mo tó mọ̀ pé ohun tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń wá lọ́wọ́ èèyàn ni kó ṣe ìṣirò kékeré, kó ṣe é ní òótọ́, nígbà tí oorun ń kùn ún.

Akáǹtáǹtì ní àkókò, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà mú àṣìṣe. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí: tí àpapọ̀ méjì kò bá bára mu, ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, kí ẹ wò ó bóyá 9 pín ìyàtọ̀ náà tán. Tó bá pín in tán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló pa nọ́ńbà méjì dà. Ó fẹ́ kọ 5,420, ó kọ 5,240. Ìyàtọ̀ jẹ́ 180, 9 sì wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀ 20. Idán kọ́. Nígbà tí 4 bá kúrò ní ipò ọgọ́rùn-ún lọ sí ipò ẹ̀wá, tí 2 sì gba ipò rẹ̀, ohun tó sọnù jẹ́ 2 lọ́nà 90.

VAT ni ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣubú. Láti oṣù kejì 2020 ló ti jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà. Tí ẹ bá gba ₦10,000 tí VAT ti wà nínú rẹ̀, èló ni ti ìjọba? Ọ̀pọ̀ á sọ pé ₦750. Rárá o. Iye ọjà gan-an ni wọ́n gbé 7.5 lé, kì í ṣe orí àpapọ̀. Ẹ pín 10,000 sí 1.075, ẹ ó rí ₦9,302.33. VAT jẹ́ ₦697.67. Ìyàtọ̀ kò ju nǹkan bíi ₦52 lọ lórí ọjà kan, ṣùgbọ́n lórí ọjà ẹgbẹ̀rún kan, owó gidi ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí owó yíyá, nítorí pé àwọn ìyá wa lọ́jà ló ń jìyà rẹ̀. Ẹnì kan yá ₦120,000 fún oṣù 12, èlé jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ó sì ń dá ₦10,000 padà lóṣooṣù pẹ̀lú èlé. Tí wọ́n bá ń ṣírò èlé lórí ₦120,000 ní gbogbo oṣù, ₦6,000 lóṣù, àpapọ̀ èlé á jẹ́ ₦72,000. Tó bá jẹ́ lórí iye tó kù lọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, ₦39,000 péré ni. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́ fún un: "Five percent ni o." Akáǹtáǹtì tó lè jókòó ti ìyá kan kó fi èyí hàn án lórí ìwé ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Oníṣẹ́ sólà àti sọ̀féyọ̀

Gílóòbù mẹ́fà oní-wáàtì 10, fáànù méjì oní-wáàtì 60, tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80: àpapọ̀ 260. Onílé fẹ́ kí iná wà fún wákàtí 6 lálẹ́, ìyẹn 1,560. Bátìrì kan oní-fóòtì 12, ámpù 200, jẹ́ 2,400 lórí ìwé. "Ó ti tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù," ni ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dójú ìwọ̀n á sọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n lo bátìrì olómi kọjá ìdajì kó má bàa tètè kú, inverter náà sì máa ń jẹ tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdajì 2,400 jẹ́ 1,200. Tí inverter bá jẹ tirẹ̀ tán, 1,020 ló kù. Ẹ pín in sí 260: kò tó wákàtí 4. Tí wọ́n bá tan iná ní aago méje, kò ní dé aago mọ́kànlá. Bátìrì méjì ni ilé yẹn nílò. Àṣìṣe sólà kì í sùn mọ́jú. Ìyẹn wù mí nínú iṣẹ́ náà, torí pé ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n máa ń tètè kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Ti sọ̀féyọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Níhìn-ín ni sine àti cosine tí ẹ kórìíra ní SS 2 ń gbé. Sọ̀féyọ̀ lè wọn jíjìn òkúta ààlà kan tó wà ní òdìkejì odò láìkọjá odò náà: yóò wọn ìlà kan lẹ́bàá odò níbi tó dúró, yóò wo igun méjì, onígunmẹ́ta á sọ ìyókù fún un. Ilẹ̀ tó ní igun mẹ́rin, àpapọ̀ igun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 360. Tí ìyàtọ̀ bá kọjá ohun tí wọ́n fàyè gbà, ẹ padà sínú igbó. GPS ti mú iṣẹ́ náà yá, síbẹ̀ ẹni tí kò mọ ìṣirò ìdí rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ń parọ́.

Èyí tí mo máa ń fi dá ẹjọ́ fún àwọn èèyàn mi: wọ́n á ní plọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Wọ́n á wá rí mítà 18 sí 36 nínú ìwé, ìyẹn 648, wọ́n á rò pé ìkan náà ni. Ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tí a bá yí i sí mítà, jẹ́ nǹkan bíi 669. Ìyàtọ̀ 21 yẹn tó ààyè yàrá méjì oní-ẹsẹ̀-bàtà 10 sí 10. Ẹbí ti bá ara wọn jà lórí ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀yọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ sọ̀féyọ̀ wà, ilé ẹ̀kọ́ tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí yín.

Ẹni tó ń kọ kóòdù àti actuary

Ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé ẹni tó bá fẹ́ kọ kóòdù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ìṣirò. Fún ẹni tó ń kọ wẹ́bùsáìtì, ìrònú ló ṣe pàtàkì jù: tí èyí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ṣe tibí, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣe tọ̀hún. Wíwá orúkọ kan láàárín mílíọ̀nù kan orúkọ tí wọ́n tò ní ABD kò gbà ju ìgbésẹ̀ 20 lọ, tí ẹ bá ń ṣí àárín, tí ẹ ń ju ìdajì nù. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ ṣọ́ra: ní ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà, 0.1 àti 0.2 kò fún yín ní 0.3 géérégé, ìdọ̀tí kékeré kan máa ń wà ní ìdí rẹ̀, nítorí náà kọ́bọ̀ odidi ni wọ́n fi ń tọ́jú owó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù á nílò igun àti ìlà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń ronú, ìyẹn AI, á nílò ìṣirò yunifásítì gidi. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́ lójú pópó. Àwọn tó mọ Ifá á rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ pé 256 ni iye ohun tí byte kan lè jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ààyè mẹ́jọ, ọ̀nà méjì fún ààyè kọ̀ọ̀kan: ohun kan náà ló fún wa ní odù 256.

Iṣẹ́ actuary ṣọ̀wọ́n létí wa, èyí sì dùn mí. Àwọn ló ń sọ iye tó yẹ kí ilé iṣẹ́ adójútòfò gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ká ní mọ́tò 1,000 ló wà lábẹ́ wọn, tí 20 sì máa ń jàǹbá lọ́dún, ₦500,000 ni àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni gbogbo á san ₦10,000, ó ti parí? Kò tíì parí. Ọdún kan lè mú 13 wá, òmíràn 27. Actuary á ṣírò pé nǹkan bíi 11 sí 29 kò jẹ́ ìyàlẹ́nu, á sì ní kí wọ́n tọ́jú owó dé 29. Iṣẹ́ yìí le ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Ìdánwò rẹ̀ pọ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é, ó sì lè gbà ju ọdún márùn-ún lọ. UNILAG ń kọ́ni níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí ọmọ yín bá fẹ́ràn ìṣirò fún ara rẹ̀, tó sì lè dúró de èsì fún ọdún mẹ́wàá, ẹ mẹ́nu bà á.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù

Nọ́ọ̀sì, akáǹtáǹtì, sọ̀féyọ̀, kọ̀ǹpútà àti actuary ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ń béèrè kírédíìtì nínú ìṣirò. Ọ̀gá télọ̀, bíríkìlà tàbí oníṣẹ́ sólà kì í béèrè ìwé, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé ìṣirò wọn kò kéré. Ọmọ tó gba F9 nínú WAEC torí pé ẹ̀rù ìdánwò bà á lè jẹ́ oníṣẹ́ sólà tó dáńgájíá, kó sì tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí ìlọ́po àti pínpín bá ti di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Mo ti rí i.

Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni wọ́n ń sọ fún pé ìṣirò kì í ṣe tirẹ̀, ẹ sọ fún un pé ìmọ̀ kíkọ́ni ní ìṣirò ni Grace Alele-Williams fi gba oyè dókítà ní Yunifásítì Chicago ní 1963, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀, ó sì di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin ní 1985.

Fún ìyókù, ọjọ́ ìsinmi kan tó. Ẹ mú ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, sáìtì tàbí ọ́fíìsì ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó wù ú. Kó kí ọ̀gá náà dáadáa, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wo ìwé tó fi ń ṣírò, kó sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo lẹ ṣírò gbẹ̀yìn tí ẹ ṣì, báwo lẹ sì ṣe mọ̀ pé ẹ ṣì í?"